Ta Ló Ro Oko? Dahlem àti Kiekeberg Lórí Ìwọ̀n

Àwọn àgbẹ̀ Schöneberg wà lára àwọn àgbẹ̀ tó lówó jù lọ tí mo tíì gbọ́ ìtàn wọn, ọkọ́ kọ́ ló sì là wọ́n. Ilẹ̀ ni wọ́n tà. Abúlé kékeré ni Schöneberg níhà gúúsù Berlin, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti 1264, ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún yanrìn, kò sì sí ẹni tó máa fi ọmọ fún àgbẹ̀ ibẹ̀ nítorí owó. Nígbà tí Berlin di olú-ìlú Jámánì tuntun ní 1871, tí èrò ń wọ́ wọ̀lú láti gbogbo ìgbèríko, àwọn tó ń kọ́lé tà wá bá àwọn àgbẹ̀ yìí nínú oko. Ẹni tó ń fi ẹṣin tú ilẹ̀ ọ̀dùnkún òyìnbó, kó tó mọ̀, ó ti di olówó. Àwọn ará Berlin ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Millionenbauern, àgbẹ̀ olówó mílíọ̀nù. Wọ́n kọ́ ilé ńláńlá sójú títì Hauptstraße. Ibojì ìdílé wọn, tí wọ́n fi òkúta kọ́ bí ilé, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ abúlé náà. Schöneberg gba oyè ìlú ní 1898, nígbà tó di 1920 Berlin gbé e mì. Lónìí, bí o bá rin Hauptstraße láti òkè dé ìsàlẹ̀, o kò ní rí ebè kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ará Schöneberg tó bá fẹ́ fi oko han ọmọ rẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀. Ọ̀nà méjì ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá bi mí. Èkíní kò jìnnà: wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U3 ní Nollendorfplatz, sọ̀ ní Dahlem-Dorf, sọdá títì, Domäne Dahlem nìyẹn, oko gidi láàárín ìlú, tó tún jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èkejì gba odidi ọjọ́: wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, ti ibẹ̀ lọ sí Harburg, kí o wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ehestorf, níbi tí Freilichtmuseum am Kiekeberg wà lórí òkè, lẹ́yìn odi Hamburg díẹ̀, lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Niedersachsen. Ilẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi hẹ́kítà méjìlá-méjìlá. Ìtàn àgbẹ̀ àti ìgbèríko ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò jọra rárá, ẹ̀yìn ọ̀kan ni mo sì wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú Dahlem, torí òun ló tètè ń wu ènìyàn. Wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ lásán. Inú ilé àkójọ nìkan ni wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ti kọjá ilé ọlọ́lá tó kọjú sí títì, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, oko ló kàn: màlúù pupa, ẹlẹ́dẹ̀ dúdú tí àmì funfun yí èjìká rẹ̀ ká bí ìgbànú, ẹṣin tó sanra, ewébẹ̀, ọ̀dùnkún òyìnbó. Ajílẹ̀ kẹ́míkà kì í dé ibẹ̀. Ohun tó bá jáde láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ọgbà. Inú ilé ẹṣin àtijọ́ ni wọ́n kó ìtàn oúnjẹ sí, láti oko dé inú àwo. Ọmọ tó bá ń lọ síbẹ̀ déédéé á mọ̀ pé ọ̀dùnkún kì í so lórí igi, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré láàárín àwọn ọmọ Berlin.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wá kí wa láti Ìsẹ́yìn, mo sì mú wọn lọ síbẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọkọ wọn, àwọn náà mọ oko dáadáa. Wọ́n dúró létí ilẹ̀ ọ̀dùnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. “Yanrìn ni,” wọ́n ní. “Ta ló ń ro ó?” Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ni. Wọ́n mi orí. “Èyí tí mo ń béèrè kọ́ nìyẹn. Nígbà tó jẹ́ oko tòótọ́, ta ló ń ro ó fún ẹni tó ni ilé ńlá yẹn? Ìwọ tí o kàwé.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìbéèrè wọn wọn àwọn ilé méjèèjì.

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro, àmọ́ ẹwà Dahlem kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí láti béèrè. Oko ọlọ́lá ni. Ní gbogbo Brandenburg láyé ọjọ́un, àgbẹ̀ abúlé ní láti fi ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ilẹ̀ ọlọ́lá, pẹ̀lú ẹṣin tirẹ̀, kó tó kan oko ara rẹ̀. Òfin tí ọba Prussia fọwọ́ sí ní October 1807 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀fà á kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ oko san èlé owó tí ẹbí rẹ̀ yá, ó sì bọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó owó náà lélẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ abẹ́ ọlọ́lá kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ìdè ni ìyá rẹ̀ bí i sí. N kò sọ pé ìwọ̀fà dára. Mo ní a mọ ọjọ́ tó máa parí.

Ìjọba Prussia ra ilẹ̀ Dahlem ní 1841, ó di oko ìjọba. Láti 1901 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí púlọ́ọ̀tì fún àwọn olówó tó fẹ́ kọ́lé síbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Fritz Haber, ẹni tó rí ọ̀nà láti fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ sọ di amóníà nígbà tó wà ní Karlsruhe, dé sí Dahlem ní 1911 láti darí ilé ìwádìí tuntun. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ajílẹ̀ inú àpò tí wọ́n ń dà sídìí àgbàdo ní Ìsẹ́yìn lónìí ti ṣẹ̀. Gáàsì olóró tí Jámánì tú sójú ogun ní 1915 náà wà lára iṣẹ́ tó bójú tó. Ní ìparí 1938, níbi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ibi tí màlúù ń jẹko, Otto Hahn àti Fritz Strassmann fọ́ ọkàn átọ́ọ̀mù yuréníọ́ọ̀mù sí méjì. Lise Meitner, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ti sá kúrò nílùú ní July ọdún yẹn nítorí pé ìdílé Júù ló ti wá. Mi ò mọ ilẹ̀ oko mìíràn tó da ayé rú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọkọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní Domäne Dahlem lónìí, ajẹkù ni. Àwọn ará àdúgbò ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1976 kí ajẹkù náà má bàa di ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn: kò sí oko ní Schöneberg lónìí torí pé kò sí ẹni tó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1876.

Ibùdó ọkọ̀ Dahlem-Dorf tí a sọ̀ sí yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ó ṣí ní 1913. Wọ́n kọ́ ọ bí ilé àgbẹ̀, pẹ̀lú igi tó hàn síta lára ògiri àti koríko lórí òrùlé, nígbà tí wọ́n ń ta oko gan-an lọ́wọ́. Àwòṣe rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ti abúlé Berlin. Ilé àgbẹ̀ apá àríwá ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó rẹ̀, Kiekeberg ni kó lọ.

Kiekeberg kì í ṣe oko rí. Ní 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Harburg, nígbà tí àwọn ilé àtijọ́ ìgbèríko Lüneburg bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Wọ́n ń tú ilé láti abúlé rẹ̀, wọ́n ń kó igi àti bíríkì rẹ̀ wá, wọ́n ń tò ó padà lórí òkè. Ó lé ní ogójì ilé báyìí. Ọdún 1987 ni ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Harburg.

Ẹ bá mi wọ ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga tó kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ru koríko gbígbẹ gba inú rẹ̀ wọlé. Gbàgede gígùn ni inú rẹ̀, amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ àti olù lù dan ni ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kùmọ̀ pa ọkà lákòókò òtútù. Ẹran wà lọ́tùn-ún, ẹran wà lósì, orí gbogbo wọn kọjú sí àárín. Ní òpin gbàgede ni iná wà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láìsí ihò èéfín kankan. Èéfín á gòkè, á yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́ sábẹ́ àjà, á lé kòkòrò kúrò lára ọkà tó wà lókè, á wá rọra gba àárín koríko òrùlé jáde. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé ìdáná tí àjà rẹ̀ dúdú bí èédú, tí àgbàdo irúgbìn so rọ̀ lókè ààrò, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí èéfín wà fún. Ìyálé ilé á jókòó sídìí iná, á máa rí ẹnu ọ̀nà, ẹran àti àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ ọkùnrin ń sùn lórí pákó lókè ẹṣin, ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin lókè màlúù, kí ooru ẹran lè kàn wọ́n. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń háyà wọn. Onílé àti ìyàwó rẹ̀ ní ibùsùn tó ní ìlẹ̀kùn, tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri bí àpótí. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ilé náà ti sọ ẹni tó ń ro oko, ibi tó ń sùn, àti ẹni tó ń wò ó. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi rí ìdáhùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ohun tí Dahlem kò lè fi hàn mí nìyí, bó ti wù kí màlúù rẹ̀ pupa tó.

Ohun mìíràn wà tí mo ronú lé lórí púpọ̀ nínú àwọn ilé yẹn: ọ̀rọ̀ ogún. Ní apá ìgbèríko tí wọ́n ti kó wọn wá, ọmọ kan ṣoṣo ló ń jogún oko. Wọn kì í pín ilẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù lè dúró kí wọ́n máa ṣe òṣìṣẹ́ fún ẹni tó jogún, wọ́n lè fẹ́ ẹni tó ní oko tirẹ̀, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Hamburg kí wọ́n sọdá sí Amẹ́ríkà. Bàbá àti ìyá tó bá ti gbé oko fún ọmọ á kó lọ sí ilé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá. Àdéhùn wà fún un, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: òṣùwọ̀n ọkà báyìí, ẹyin báyìí, wàrà báyìí, igi ìdáná báyìí, títí wọ́n á fi kú. Ìwé àdéhùn láàárín ọmọ àti bàbá lórí ẹyin! Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí àwọn àgbà kan nílé tí wọ́n pín ilẹ̀ fún ọmọ, tí wọn kò sì rí ẹyin jẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá bá kú, à ń pín ogún ní ìdí-igi, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ rẹ̀ gba ìpín kan, tàbí kí a pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kan ìpín kan. Oko kòkó tí bàbá ńlá gbìn di poro mẹ́wàá fún ọmọ mẹ́wàá, àwọn ọmọ-ọmọ á tún pín ìyẹn, wọ́n á wá bára wọn ní kóòtù nítorí igi méje. Ti àwọn ará Lüneburg pa ilẹ̀ mọ́, ó tú ọmọ ká. Tiwa pa ọmọ mọ́, ó tú ilẹ̀ ká. N kò mọ èyí tó sàn jù, mi ò sì rò pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló yẹ kó sọ fún mi. Ó tó pé ó gbé ilé ńlá àti ilé kékeré ka ibi tí mo ti lè rí méjèèjì papọ̀.

Kiekeberg ní àléébù tirẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Abúlé tó wà lórí òkè yẹn, kò sí irú rẹ̀ rí. Ilé tó wá láti ilẹ̀ àbàtà etí odò Elbe dúró nítòsí èyí tó wá láti ilẹ̀ yanrìn níbi tí àgùntàn ti ń jẹ koríko líle. Àwọn tó kọ́ wọn kò mọra, bóyá wọn ì bá má kí ara wọn pàápàá. Ilé tí a bá ṣí kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti pàdánù kànga rẹ̀, ọ̀nà oko rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Lọ́rọ̀ yìí Dahlem ta á yọ: ilẹ̀ kan náà ni, ojú kan náà, láti ìgbà ọlọ́lá títí di òní. Ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é, àwọn kan á wọ aṣọ ọdún 1804 ní Kiekeberg, wọ́n á dáná, wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò tíì gbọ́ iná mànàmáná rí. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Èmi, ojú máa ń tì mí díẹ̀, bí ìgbà tí mo bá já wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré orí ìtàgé tí n kò sanwó rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí Kiekeberg ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló mú kí n dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń darí rẹ̀ kò gbà pé ìgbèríko parí nígbà tí wọ́n ra tírákítọ̀ àkọ́kọ́. Ní 2012 wọ́n ṣí ilé ńlá kan, Agrarium, fún ìtàn ẹ̀rọ oko àti bí oúnjẹ ṣe di iṣẹ́ ilé iṣẹ́. Wọ́n tún tẹ́ òpópónà kan, wọ́n sọ ọ́ ní Königsberger Straße, fún ìgbèríko láti 1949 sí 1979: ilé epo bẹntiróòlù, ilé kékeré tí àwọn tó sá fún ogun kọ́, àti ilé alápèéjọ tí wọ́n rà nínú kátálọ́ọ̀gì ilé ìtajà Quelle, gẹ́gẹ́ bí ẹni ra bàtà. Lẹ́yìn 1945, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá àwọn ará Jámánì ló pàdánù ilé wọn níhà ìlà-oòrùn Yúróòpù, púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ sínú àwọn abúlé tí ẹnikẹ́ni kò retí wọn. Àgbẹ̀ kan a jí, a rí ìdílé mẹ́ta nínú àká rẹ̀. Inú abúlé yẹn ni ìjà, ìgbéyàwó, ilé tuntun àti ọ̀dà tuntun ti wá. Ilé epo lè dà bí ohun àjèjì nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbẹ̀. Mo rò pé òun gan-an ni kókó rẹ̀: ọjọ́ tí epo dé ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn lókè ẹṣin kó ẹrù rẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún mi pé Dahlem náà ń kọ́ni nípa ohun òde òní, pé oko tí kò lo kẹ́míkà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀la. Òótọ́ ni. Mo sì gbà pé ẹran tó ń mí ju àwòrán ẹran lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú alámì funfun yẹn jẹ́ irú kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ run, torí pé ọjà fẹ́ ẹran tí kò lọ́ràá. Ó ń wà láàyè nítorí pé ẹnì kan ń sìn ín, ẹnì kan sì ń jẹ ẹ́. Kiekeberg náà ń sin irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti Bentheim, tó ní tóótòòtó dúdú lára, torí náà ọ̀rọ̀ ẹran kọ́ ló yà wọ́n. Ohun tó yà wọ́n ni pé ẹni tó ń rajà ni Dahlem ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni Kiekeberg ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ku oko Jámánì kan tí kò sí ní Jámánì. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ewéko ti Berlin, tó wà ní Schöneberg tẹ́lẹ̀, níbi tí a ń pè ní Heinrich-von-Kleist-Park báyìí, tí a máa ń jókòó sí lójú ọ̀nà sí kóòtù ńlá. Nínú ọgbà yẹn ní 1891 ni wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ewéko àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà ní Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni irúgbìn àti ọ̀gbìn ti ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Togo àti Cameroon. Nígbà tí ọgbà náà kún, wọ́n ṣí i lọ sí Dahlem láàárín 1897 sí 1910, orí ilẹ̀ ọ̀dùnkún oko ìjọba kan náà. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò amúnisìn kan ní Berlin ló sì ránṣẹ́ pe àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ mẹ́rin láti ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ti Booker T. Washington ní Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ àwọn ará Togo bí a ṣe ń gbin òwú fún ọjà. Wọ́n gbéra ní òpin 1900. Ẹran tí ì bá fa ohun ìtúlẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ń kú nítorí àrùn eṣinṣin tsetse, ènìyàn ló wá ń fa kẹ̀kẹ́. Ní 1904 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé, láàárín àwọn Ewe, tí wọ́n ti mọ òwú gbìn pẹ̀lú àgbàdo àti iṣu kí ẹnikẹ́ni tó dé. Bí a bá bi mí pé ta ló ro oko Jámánì, mo ní láti ka àwọn náà mọ́ ọn.

Wàyí o, bí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun nílé bá ní àwọn fẹ́ kọ́ irú ilé yìí, ọ̀nà ta ni kí wọ́n tọ̀? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni Dahlem: oko dáradára, ṣọ́ọ̀bù, ibi ìjókòó, ọmọ iléèwé ń ya fọ́tò pẹ̀lú ewúrẹ́. A kò nílò rẹ̀. Oko kò tíì tán nílẹ̀ wa; ẹni tó bá fẹ́ rí ebè, kó jáde kúrò ní Ìbàdàn ní wákàtí kan. Ohun tó ń tán ni ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é. Àáró ń tán, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà ti ń ro oko ara wọn yípo, ti ẹnì kìíní lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la. Ọ̀wẹ̀ kù díẹ̀ kó di ìtàn, nítorí pé ẹni tó ń pe ọ̀wẹ̀ ní láti bọ́ ènìyàn, oúnjẹ sì ti wọ́n. Ahéré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ń wó, páànù ń rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà Kiekeberg ló kàn wá: kó ilé kí ó tó wó, kí o sì má ṣe dúró sí ayé àwọn baba ńlá.

Ìyẹn ni pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbẹ̀ Yorùbá tí kò ní ilé ìkó-kòkó-sí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yẹ kí ìwọ̀n wà níbẹ̀, ìwọ̀n ńlá tí àwọn tó ń ra kòkó máa ń gbé kọ́, àti àwọn ìtàn nípa bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó yẹ kí ilé kan láti àwọn oko ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wà níbẹ̀, irú èyí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, tí wọ́n wo àwòṣe moshav, abúlé àwọn àgbẹ̀ alájọṣe ti Ísírẹ́lì, ní Ìlọrà, ní Akùfọ̀ àti káàkiri, tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó parí ìwé mẹ́fà lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n di àgbẹ̀ ìgbàlódé. Púpọ̀ nínú wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sí ìlú. Ìdí rẹ̀ tọ́ sí odidi yàrá kan. Yàrá kejì, Agbẹ́kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀: 1968 àti 1969, owó orí tí àgbẹ̀ kò lè san mọ́ nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan, Tàfá Adéoyè tó ṣáájú wọn, ẹ̀wọ̀n Agodi tí wọ́n já, àti ìpinnu tó mú owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Yàrá kẹta, 1986, nígbà tí ìjọba pa àjọ tó ń ra kòkó rẹ́, tí àgbẹ̀ bá ara rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni tó bá gbé owó dé. Bí Jámánì kò bá tijú láti gbé ilé epo sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ló dé tí àwa á fi tijú ìwọ̀n tó ń parọ́?

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa yá lọ́wọ́ Dahlem: ohun ọ̀gbìn tó ń hù nílẹ̀. Tiwa á jẹ́ iṣu. Iṣu kò ṣeé fi sínú àpótí gíláàsì. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ń tọ́jú oríṣiríṣi irúgbìn iṣu, iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀ ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín èfùrù, gámbàrí àti lásínrín nígbà tí ewé nìkan ló hàn lókè ebè, tó mọ èyí tó dára fún iyán àti èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ kó má bàa rà, ìmọ̀ yẹn kì í sùn nínú fíríìjì. A ní láti gbìn ín lọ́dọọdún, kí a wú u, kí a gún un. Ọgbà iṣu kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkó-kòkó-sí tó.

Kí wọ́n má ṣe gbé e sí Ìbàdàn, nínú ilé onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Kiekeberg ní láti wọ aṣọ 1804 fún àwọn ènìyàn torí pé kò sí ẹni tó kù tó rí 1804. Tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wọ oko ìjọba ní Ìlọrà ní 1960 lè ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ẹni tó bá bá Agbẹ́kọ̀yà lọ ní ọmọ ogún ọdún kò tíì dàgbà ju kí ó jókòó sídìí ìwọ̀n, kí ó sì sọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n kọ́ ilé náà sí abúlé tí irú wọn ṣì wà, kí wọ́n fún wọn lówó oṣù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí ilé tó ní òrùlé, torí òrùlé lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.